Ta ni yóò gbé fóònù nígbà tí ilé bá ń jó?

"Ọkọ mi ti ṣubú o!" Bí obìnrin kan bá ké báyìí sétí ẹni tó gbé ìpè pàjáwìrì 767 tàbí 112 l'Ékòó ní aago méjì òru, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ọkọ ló ṣubú ni tàbí ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ, áńbúláǹsì ni kó gbéra. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ panápaná, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹkún àti ìpayà kì í jẹ́ kí ohùn dúró síbi tó yẹ. Ọmọ Yorùbá tó wà nídìí fóònù kò ní í ronú lọ títí: "Ẹ fara balẹ̀, mà. Ṣé bàbá ilé ni àbí mọ́tò?" Ìdáhùn á dé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

A mú àpẹẹrẹ yìí ṣáájú nítorí pé nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là, iṣẹ́ gbígbé fóònù yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sọ pé ẹ̀rọ súnmọ́ àtigbà jù lọ.

Lọ́dún 2013, ọ̀mọ̀wé méjì ní Yunifásítì Oxford, Carl Benedikt Frey àti Michael Osborne, kó iṣẹ́ 702 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe jọ, wọ́n sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣe. Wọ́n ní nǹkan bí ìdá 47 nínú 100 òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló wà nídìí iṣẹ́ tí ewu náà ti pọ̀. Ariwo 47 yẹn ló gba ayé kan. Àwọn tó ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn láti wo àtẹ iṣẹ́ kò pọ̀. Nínú àtẹ náà, ọ̀gá tó ń darí ètò pàjáwìrì kò ju 0.3 nínú 100 lọ. Òṣìṣẹ́ inú áńbúláǹsì jẹ́ nǹkan bí 5, ọlọ́pàá tó ń káàkiri ìgboro nǹkan bí 10, panápaná 17. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́ 34. Àwọn tó ń gbé ìpè pàjáwìrì, tí wọ́n sì ń rán ọkọ̀ jáde, jẹ́ 49. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ 60. Mẹ́gàdì àti àwọn tó ń fún awakọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ibi tó gbé ọkọ̀ sí jẹ́ 84.

A kò gba ìwé náà bí ẹni gba ọ̀rọ̀ Ifá. Wọ́n ti kọ ọ́ kí àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ lẹ́tà, tó sì ń dá èèyàn lóhùn, tó dé ọwọ́ gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó yẹ ní wíwò. Ibi tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àyà, ẹ̀rọ ṣì jìnnà sí i. Ibi tó bá ti jẹ́ ti etí, ojú àti bírò, ẹ̀rọ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ fi kún un ni ìbéèrè kan tí àtẹ náà kò bi ẹnikẹ́ni: bí ẹ̀rọ bá ṣìṣe, orí ta ni àṣìṣe náà yóò jábọ́ lé?

Ẹ wo panápaná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, iná sọ ní kàtídírà Notre-Dame nílùú Paris. Nígbà tí òrùlé ń wó, tí ooru inú ṣọ́ọ̀ṣì sì ti kọjá ohun tí èèyàn lè fara dà, àwọn ọ̀gá panápaná rán róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Colossus wọlé pẹ̀lú ọ̀pá omi. Ẹ̀rọ tó wúwo tó bí ìlàjì tọ́ọ̀nù ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti katapílà, èèyàn sì ni ó ń darí rẹ̀ láti ìta. Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú nǹkan bí 400 panápaná tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní àjà wó lu róbọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀, irin ni ìbá ṣègbé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó máa bọ̀. Wàhálà tiwa ni pé panápaná wa kò tíì dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ omi ń dé nígbà tí omi inú rẹ̀ kò ní pẹ́ tán, kò sì sí ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ títì tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tóóró, èrò ń wòran, ọmọ ìta ń ju òkúta. Ilé oníyàrá méjìlá tó kọjú síra wọn, tí wọ́n fi irin dí gbogbo fèrèsé rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí a mọ̀ tó lè wọ ibẹ̀ lọ gbé ìyá arúgbó jáde.

Ti áńbúláǹsì kò gùn. Títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, gbígbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ láti òkè kẹta, bíbẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n yé da omi tútù lé e lórí: ọwọ́ àti ẹnu ni iṣẹ́ náà. Àtẹ Oxford pè é ní 5, àwa kò sì rí ìdí láti bá a jiyàn.

Ìdí fóònù ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ AI máa gbọ́ ìpè pàjáwìrì kí wọ́n lè wò ó bóyá yóò dá a mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan ti dáwọ́ lílù dúró. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ẹ̀rọ náà dá nǹkan bí 84 mọ̀ nínú 100 irú ìpè bẹ́ẹ̀; àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù dá nǹkan bí 73 mọ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí náà kò dúró síbẹ̀, a sì yìn wọ́n fún un. Wọ́n tún ìdánwò ṣe, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ta àwọn òṣìṣẹ́ kan lólobó lórí kọ̀ǹpútà, kò sì ta àwọn yòókù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìhà méjèèjì. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mímọ̀ rẹ̀ kò di ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ sí i fún ẹni tó ń kú lọ. Ìwé 2019 nìkan ni ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ìjọba lè fi hàn wọ́n.

Èdè Denmark sì ni ẹ̀rọ náà gbọ́. Ta ló ti kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá Ìlàjẹ, Ègùn Àgbádárìgì, tàbí pijin tí ọmọ Hausa ń sọ nígbà tó ń sá fún iná? Ta ló kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ ilé tó ń jó àti ilé tó ń jò? Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn ará Èkó ṣe ń júwe ilé yóò mọ ohun tí à ń sọ: "Ẹ gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ máa bọ̀ títí ẹ ó fi rí ìyá alákàrà, géètì dúdú tó wà lápá ọ̀tún, ẹni tó bá ti bèèrè ilé Alhaji." Nọ́ńbà ilé kò sí nínú rẹ̀. Orúkọ òpópónà náà lè ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ tó mọ àdúgbò yóò ti rán ọkọ̀ lọ kí ẹni náà tó parí ọ̀rọ̀.

Ìtàn 999, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ti London, náà ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935, obìnrin márùn-ún jóná kú ní ilé kan ní òpópónà Wimpole. Aládùúgbò kan ti pe fóònù láti ké sí panápaná, àmọ́ ó wà lórí ìlà, ó ń dúró de ẹni tí yóò dá a lóhùn níbi tí wọ́n ti ń so fóònù pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí 999, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1937. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ síso fóònù lásán lọ́wọ́ ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́. Ohùn èèyàn kò kúrò nídìí 999.

Ká wá bọ́ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí ibẹ̀ ni àtẹ Oxford ti lè ṣi ẹni tó bá kàn wo nọ́ńbà lọ́nà. Ọlọ́pàá ìgboro jẹ́ 10, panápaná jẹ́ 17, bí ẹni pé panápaná ló yẹ kó máa bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ẹyọ kan. Apá kan jẹ́ ti ẹsẹ̀, èyí tó kù jẹ́ ti ìwé, ẹ̀rọ sì ti wọ apá ti ìwé báyìí. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Axon ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe kámẹ́rà tí ọlọ́pàá ń gbé sáyà, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Draft One. Ẹ̀rọ náà á tẹ́tí sí ohùn tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀, á sì fi AI kọ ìròyìn ọ̀ràn sílẹ̀ de ọlọ́pàá. Lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ olùpẹjọ́ ìjọba ní King County, níbi tí ìlú Seattle wà, sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé àwọn kò ní gba ìròyìn tí AI bá kọ. Ọlọ́pàá ni yóò búra sí ìròyìn náà ní kóòtù. Bí ẹ̀rọ bá fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i, tí òun kò sì rí i, kí ni ó búra sí?

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí téṣàn ọlọ́pàá tiwa. Afurasí sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá. IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn náà, kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sórí fúlìsíkáàpù, ó ka díẹ̀ sí i létí, ó na bírò sí i pé kó sáìn. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti dìjà ní kóòtù lórí irú sítétímẹ́ńtì bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2011, fi ní kí ọlọ́pàá gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò tàbí níwájú lọ́yà. Bí a bá wá ki ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa bọ àárín IPO àti afurasí, ọwọ́ kẹta ti dá sí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ méjì kò tíì yanjú. Ìwé yóò mọ́ tónítóní, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò dán, adájọ́ yóò sì tètè gbà á gbọ́. Dídán yẹn ló ń bà wá lẹ́rù.

Ti ojú tún le ju ti bírò lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Detroit lọ mú Robert Williams níwájú ilé rẹ̀, lójú ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀ ló sọ pé òun ni olè tó jí aago ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò olè náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe òun. Ó lo nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí ní àtìmọ́lé. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ní ìlú Detroit yìí kan náà, wọ́n tún mú Porcha Woodruff, aboyún oṣù mẹ́jọ, pé ó wà lára àwọn tó fi ìbọn gba ọkọ̀. Kì í ṣe òun. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ti yẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń ṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 100 lè ṣìṣe lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí 35.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní gúúsù London mọ ọkọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé kámẹ́rà irú èyí lé lórí; ó ti dúró ní Croydon láìmọye ìgbà. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ní 2020 pé bí àwọn ọlọ́pàá South Wales ṣe lò ó kò bá òfin mu.

Èyí ni ìdí tí a fi ní kí a má fi nọ́ńbà nìkan wọn ewu. Àṣìṣe ẹ̀rọ panápaná, irin ló ń san án. Àṣìṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ fóònù, ẹni tó ń kú lọ ló ń san án, àmọ́ bí èèyàn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n ṣì lè rí i tún ṣe. Àṣìṣe ẹ̀rọ ọlọ́pàá, aláìṣẹ̀ ló ń san án, inú sẹ́ẹ̀lì ló sì ti ń san án, níwájú ẹni tó gbà pé ẹ̀rọ kì í parọ́.

Àwọn òǹkàwé kan yóò sọ pé ẹ̀rọ kò lè bèèrè ẹ̀gúnjẹ. Òótọ́ ni, a kò sì ní fojú fò ó. Ọ̀dọ́ tí àwọn ọlọ́pàá ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì mú lọ sídìí ẹ̀rọ POS, kò ní sunkún bí wọ́n bá fi kámẹ́rà rọ́pò ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó fa ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kò tíì tán nínú ọkàn àwọn ọ̀dọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà, a gbà fún wọn pátápátá: kámẹ́rà tó ya nọ́ńbà ọkọ̀ tó gba ọ̀nà tí kò yẹ ń ṣe iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n, fọ́tò wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, owó ìtanràn sì ń lọ sápò ìjọba. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ìgbà tí ẹ̀rọ yóò máa ṣọ́ ìgboro, ó jìnnà. Àwọn ọlọ́pàá New York gbé róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní K5 sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Times Square ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Róbọ́ọ̀tì náà kò lè gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn ló kún ibẹ̀. Ọlọ́pàá ló ń bá a rìn kiri nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n gbé e kúrò.

Ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò lé òṣìṣẹ́ lọ kọ́ ló yẹ kó gbà wá lọ́kàn jù. Nǹkan bí 370,000 ọlọ́pàá ni à ń sọ pé a ní fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ti kọjá 200 mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé báàgì fún àwọn èèyàn ńlá, débi pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá gidi. Iṣẹ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò gbà síṣẹ́. Ewu tiwa ni pé ìjọba yóò ra ẹ̀rọ kí ó má bàa gba èèyàn. Wọ́n ti ṣe é rí. Iṣẹ́ àkànṣe kámẹ́rà ààbò tí wọ́n gbé fún ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan ní 2010, dọ́là mílíọ̀nù 470 ni wọ́n gé e lé, kámẹ́rà 2,000 ni wọ́n sì ní yóò máa ṣọ́ Abuja àti Èkó. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àgbà àti kékeré ti pe ìpàdé lórí rẹ̀ títí, òpó kámẹ́rà tí kò rí nǹkan kan ló kù. Kò síná, kò sí olùtọ́jú, kò sí ẹni tó jókòó sídìí ohun tí kámẹ́rà rí. Gbèsè rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ rèé. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Abuja fi sínú òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ àtìmọ́lé lórí ohun tí ẹ̀rọ nìkan sọ. Kì í ṣe ohun tuntun: nígbà tí ìlú Detroit bá Robert Williams yanjú ẹjọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé ọlọ́pàá wọn kò ní mú ènìyàn mọ́ lórí èsì ẹ̀rọ ojú nìkan. Òfin ààbò ìwífún ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ti fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe. Àmọ́ òfin náà tún jẹ́ kí àwọn tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn bọ́ lábẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ihò yẹn sì ni kí wọ́n dí kí kámẹ́rà ojú tó dé ìgboro. Ní ti sítétímẹ́ńtì, bí ọlọ́pàá bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ran òun lọ́wọ́, kí ohùn afurasí wà nípamọ́ ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ó hàn lórí ìwé pé ẹ̀rọ lọ́wọ́ sí i, kí lọ́yà sì lè gbọ́ ohùn náà.

Ní ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, kí wọ́n má fọwọ́ sí owó kámẹ́rà kankan tí kò bá sí owó iná, owó àtúnṣe àti owó oṣù àwọn tí yóò máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí panápaná rí omi kí wọ́n tó rí róbọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá fẹ́ lo AI nídìí ìpè pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí ó gba àwọn ìpè tí kì í ṣe pàjáwìrì, ti ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà àti ti ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré, kí etí èèyàn lè wà lómìnira fún èyí tó le. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó wà níbẹ̀. Kí ìjọba fún wọn lówó láti gba ohùn Yorùbá sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ohùn, kí ẹ̀rọ tí wọn yóò rà lọ́la tó dé. Òfin kò jẹ́ kí ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bá wọn jókòó nígbà tí oníṣòwò bá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ. Kí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá gba ipò yẹn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìpàdé náà ṣí sílẹ̀ fún oníròyìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan fún 767, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó kọ́kọ́ bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìdáhùn rẹ̀ jáde fún ará ìlú: èèyàn mélòó ló wà nídìí fóònù ní aago méjì òru, èdè mélòó ni wọ́n gbọ́ láàárín ara wọn, ìṣẹ́jú mélòó sì ni ìpè ń lò kó tó di pé ọkọ̀ gbéra.